Ẹ̀sìn ní Àgbádárìgì, Filọ́sọ́fì ní Àjàṣẹ́

Ní ọjọ́ ọjà Àgbálátà, létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, àgbọn, ẹja yíyan, gàrí, ẹní àti ata ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtù, àwọn oníṣòwò tó ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá á sì máa fi Ẹ̀gùn, Yorùbá àti Faransé ná ọjà pọ̀. Kò sí ẹni tí í bi ọlọ́jà léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe kó tó dá owó lé e lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ á ra ẹja lọ́wọ́ alhájà, alhájà á ra àgbọn lọ́wọ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ Zangbeto. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí Zangbeto bá jáde láti ṣọ́ ìlú, kì í yọ ilé ẹnì kankan nínú wọn sílẹ̀. Àmọ́ bí àwọn ọmọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá dé ilé ẹ̀kọ́ girama, tí agogo ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sì lù, wọ́n á tú ká. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì á dúró de olùkọ́ CRS, ọmọ Mùsùlùmí á kọjá sí yàrá tí olùkọ́ IRS wà, ọmọ ẹlẹ́sìn àbáláyé á sì jókòó sí èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú méjèèjì, torí kò sí kíláàsì tirẹ̀.

Pé wọ́n yà sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò bà mí lọ́kàn jẹ́ tó ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìwé ìdánwò CRS á mọ ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wá: sọ ìtàn kan láti inú Bíbélì, kí o wá to ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí o rí kọ́ nínú rẹ̀. Ní ti IRS, ọmọ ní láti mọ súrà àti hádíìsì sórí, pàápàá nínú àwọn èyí tí An-Nawawi kó jọ, kó sì sọ ìtumọ̀ àti ìwúlò wọn. Kò sí aburú nínú mímọ nǹkan sórí. Ẹni tí kò mọ ìtàn, kí ni yóò ronú lé? Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta náà ti wà nílẹ̀ nínú ìwé ìmúra ìdánwò tí wọ́n ń tà kiri, ọmọ kò ní í wá wọn jìnnà: ká máa gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu, ká máa dárí ji ara wa, ká má ṣe ojúkòkòrò. Ọmọ tí kò tilẹ̀ gbà pé Ọlọ́run wà lè gba gbogbo máàkì lórí ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀, tó sì fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi pàṣẹ irú nǹkan báyìí, kò ní rí àyè kan nínú ìwé ìdáhùn tí yóò kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì ibodè. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Àgbádárìgì, tó kọjá Sẹ̀mẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní Hogbonu. Ẹbí kan náà ló wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àwọn òyìnbó tó fa ààlà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́hùn-ún, ọmọ tó bá dé ọdún ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ ṣe filọ́sọ́fì, ì báà jẹ́ sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, torí ó wà nínú ìdánwò baccalauréat. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kan ka iwájú rẹ̀, bóyá lórí òmìnira àti òfin, tàbí lórí òtítọ́, wọ́n á ní kó jiyàn rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kó sì sọ ibi tí òun dúró sí pẹ̀lú ìdí. Àmọ́ òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba bí àwọn Faransé ti í ṣe é, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wọn kì í kọ́ni ní ẹ̀sìn. Plato àti Descartes ni ọmọ ń bá wọ̀yá ìjà nínú kíláàsì, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń gba ọlidé Vodun lóṣù Kíní ọdún, ní ìlú tí Samuel Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń kú lé lórí kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kó ronú sí.

Nàìjíríà gbé ẹ̀sìn, ó fi ìbéèrè sílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ gbé ìbéèrè, ó fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ọmọ Àgbádárìgì nílò méjèèjì nínú kíláàsì kan náà, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí a bá ní kó dúró di yunifásítì ni, a mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà ló ń ṣe ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì àti ọgbọ́n àròjinlẹ̀ lábẹ́ àwọn ẹ̀kọ́ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní GST, nínú gbọ̀ngàn tí èrò ti máa ń kún dẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wọn á ti lé ní ọdún méjìdínlógún, èrò wọn nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn á sì ti gan. Àwọn tí kò sì dé yunifásítì rí ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ jù.

Kò sí ìlú tó tọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ju Àgbádárìgì lọ. Níbẹ̀ ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Lábẹ́ igi Agia, tó wó ní 1959, ni wọ́n ti wàásù ìhìn rere. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Kérésìmesì àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 1843, De Graft, alábàáṣiṣẹ́ Freeman, àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n pè ní ibi ìtọ́jú ìjọ tuntun. Lọ́dún 1845, àwọn míṣọ́nnárì CMS dá ilé ẹ̀kọ́ St Thomas sílẹ̀, wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀ títí dòní, Àjàyí Crowther sì ti dé bákan náà. Ẹ wo orúkọ tí àwọn De Graft fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò fi ohunkóhun pa mọ́: láti tọ́ ọmọ dàgbà sínú ìjọ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ìjọ ló ni owó, ìjọ ló ni olùkọ́, ìjọ ló sì ni ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ fi wà. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, tí ọmọ onírúurú ẹ̀sìn wá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ọ̀nà ìkọ́ni kò sì yí padà. Ìjọba Èkó dá díẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà padà fún àwọn tó ni wọ́n ní 2001, ṣùgbọ́n nínú èyí tó kù lọ́wọ́ ìjọba, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ ilé kéwú la ṣì ń kọ́ wọn.

Àwọn kan á sọ pé filọ́sọ́fì kì í ṣe ti wa, pé ọgbọ́n àwọn Gíríìkì ni, kí a fi sílẹ̀ fún wọn. Olóògbé Sophie Olúwọlé ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dá wọn lóhùn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú filọ́sọ́fì ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2014, ó gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: àwọn méjèèjì kò fi ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, síbẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n ń pè ní bàbá filọ́sọ́fì, wọ́n ń pe ìkejì ní òrìṣà. Ṣáájú rẹ̀, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti jókòó ti àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Èkìtì, wọ́n bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ bí akẹgbẹ́ ti í bi akẹgbẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà dúró lé lórí ni pé ohun tí ènìyàn kò fojú ara rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó lè gbà á gbọ́, ó sì ní láti dán an wò kó tó fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ mú òṣùwọ̀n yìí lọ sínú kíláàsì CRS tàbí IRS, ẹ óò rí i pé ó ga ju ti ìdánwò WAEC lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga ìbílẹ̀ gbé wa lọ. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni Paulin Hountondji, ó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ nígbà kan rí, ó sì di olóògbé ní oṣù Kejì 2024. Òun ló bá àwọn tó ń kó òwe àti ìtàn jọ wí, pé kíkó ìgbàgbọ́ ìlú jọ kò tíì di filọ́sọ́fì. Ó di dandan kí ẹnì kan dúró, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó jiyàn, kí ẹlòmíràn sì lè já a ní koro. Òun àti Olúwọlé kò gba ibì kan náà, mo sì rò pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó gbádùn àríyànjiyàn yẹn jù. Ẹ mú Ifá bí àpẹẹrẹ: UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, odù 256 ló sì ní. Kì í ṣe ká kàn kó ẹsẹ Ifá wá sí kíláàsì ká ní kí ọmọ há a sórí, bá a ṣe ń ṣe sí ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ọmọ ní láti lè bi Ifá náà léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ifá dáadáa mọ̀ pé Ifá kì í sá fún ìbéèrè. Òun gan-an ló ń rán wa létí ẹni tó gbọ́ ẹbọ tí kò rú u àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, a sì lè béèrè bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ náà fi hàn pé babaláwo sọ òótọ́.

Kí ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò jọ? Ẹ mú ìtàn Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀. Kò sí ọmọ CRS tí kò mọ̀ pé Ísákì ni wọ́n fẹ́ fi rúbọ, torí orúkọ rẹ̀ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Kò sí ọmọ IRS tí kò mọ̀ pé Ismaila ni, torí ohun tó ń gbọ́ nìyẹn ní gbogbo ọdún Iléyá. Méjèèjì gbé ládùúgbò kan, wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, síbẹ̀ wọ́n lè parí SS3 láìmọ̀ pé ìtàn ẹnì kejì yàtọ̀ sí tiwọn. Ká ní wọ́n jókòó pọ̀, tí olùkọ́ sì ka ibi méjèèjì sí wọn létí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á rí ni pé súrà 37 nínú Àlùkùráánì kò dárúkọ ọmọ náà rárá. Àwọn onímọ̀ ló ń fi ìdí múlẹ̀ pé Ismaila ni, àwọn kan láyé àtijọ́ sì sọ pé Ísákì ni. Èkejì ni pé nínú Àlùkùráánì, bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ ohun tó rí lójú àlá, ó ní kí ni ìwọ rí sí i, ọmọ náà sì gbà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ọmọ béèrè ibi tí àgùntàn wà, bàbá kò sì sọ gbogbo òótọ́ fún un. Èyí yí nǹkan padà. Ṣé ẹbọ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rú u ti gbà sí yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀ nípa rẹ̀? Bí ọkùnrin kan ládùúgbò wa bá sọ lónìí pé Ọlọ́run ní kí òun pa ọmọ òun, ọlọ́pàá la ó ké sí. Kí ló wá mú Ábúráhámù yàtọ̀? Ṣé ohun kan dára nítorí pé Ọlọ́run pa á láṣẹ, àbí Ọlọ́run pa á láṣẹ nítorí pé ó dára?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, Plato ti fi irú rẹ̀ sẹ́nu Socrates ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Søren Kierkegaard ará Denmark kọ odindi ìwé lórí Ábúráhámù nìkan, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1843, ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ De Graft ṣílẹ̀kùn ní Àgbádárìgì. Kierkegaard kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mú kí ìtàn náà dẹ́rù bà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní láti ka Kierkegaard. Ó kàn ní láti jẹ́ kí ìtàn náà ká òun náà lára díẹ̀, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ kìíní ni ìgbọràn.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Láti gbogbo Èkó ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń wá wo ọjà ẹrú Vlekete àti ọ̀nà erékùṣù Gbẹrẹfu tí ẹrú tó bá gbà á nígbà náà kì í padà mọ́. Wọ́n á wo ṣẹkẹṣẹkẹ̀, wọ́n á wo àwọn yàrá tóóró ní ilé Sẹ̀ríkí Abass, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ẹ gbọ́ ìtàn Sẹ̀ríkí náà: wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, nígbà tó dàgbà òun náà di oníṣòwò ẹrú, ó di olówó, ó jẹ oyè láàárín àwọn Mùsùlùmí, ó sì kú ní 1919. Àwọn òyìnbó tó ń ra ẹrú ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, àwọn tó ń tà á ní ojúbọ tiwọn. Kò sí ẹ̀sìn kankan lára àwọn tó wà ní èbúté náà tó lè fọwọ́ rẹ̀ hàn pé ó mọ́. Báwo ni ẹni tó mọ ìrora oko ẹrú ṣe lè fi ẹlòmíràn sínú rẹ̀? Ṣé ẹ̀sìn ló kùnà ni, àbí àwọn ẹlẹ́sìn? Ṣé a lè fi òfin ìwà tòní dá ẹni àná lẹ́jọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí wà lórí ilẹ̀ ní Àgbádárìgì bí iyanrìn, síbẹ̀ olùkọ́ ìtàn ń retí pé olùkọ́ ẹ̀sìn ni yóò béèrè wọn, olùkọ́ ẹ̀sìn sì ń retí olùkọ́ ìtàn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn òbí. Wọ́n á ní: mo rán ọmọ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe pé kí ẹ wá gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù gidi ni, kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sì wà lẹ́yìn wọn: abala 38 sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, tàbí mú ṣe ìsìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣàlàyé ohun tí Mùsùlùmí gbà gbọ́ fún kò tíì kírun, bí ẹni tó mọ bí ìlù Zangbeto ṣe ń dún kò ṣe tíì wọ ẹgbẹ́. Àwọn baba ńlá ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí pàápàá kò bẹ̀rù ìbéèrè. Thomas Aquinas, tó kú ní 1274, kì í sọ èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan kó tó kọ́kọ́ to ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ lè sọ sílẹ̀. Al-Ghazali fi ìwé ńlá kan bá àwọn onífilọ́sọ́fì jà, Ibn Rushd fi òmíràn dá a lóhùn, Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jẹ́ olùfọkànsìn. Àjàyí Crowther, nígbà tó ń wàásù lẹ́bàá odò Ọya, máa ń bá àwọn ààfáà jókòó, á jẹ́ kí Bíbélì dáhùn ohun tí wọ́n bi í, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Àlùkùráánì ti dárúkọ Jésù àti Jíbírílù, kó má bàa di ìjà. Ọmọ tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lè la ìbéèrè ọmọ kíláàsì rẹ̀ já, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí olùkọ́ tó dé.

Àtakò kejì ti inú ohun tí ojú wa ti rí jáde. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó CRS, IRS àti ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú ìlànà ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ariwo gba ìlú kan ní 2017. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, CAN, lọ bá Yẹmí Òṣínbàjò, adelé Ààrẹ nígbà náà, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ìlànà náà rẹ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí sì ní irọ́ ni. Ìjọba sẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ya CRS àti IRS sọ́tọ̀ padà. Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ híjáàbù: ní oṣù Kẹfà 2016 àwọn ọmọ kan wọ aṣọ akọrin ìjọ wá sí Baptist High School ní Ìwó lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Ọ̀ṣun, ti Èkó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, níbi tí àwọn adájọ́ márùn-ún nínú méje ti fọwọ́ sí híjáàbù ní 17 oṣù Kẹfà 2022. Ṣé nínú irú ilẹ̀ báyìí la fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ sójú kan? Mo gbà pé ó gba ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìlànà ẹ̀kọ́ tó fa ariwo yẹn kò tilẹ̀ kó ọmọ pọ̀. Orúkọ nìkan ló kó pọ̀, ìyẹn ló fi dà bí ọ̀tẹ̀. Àwọn tó ṣe é jókòó sí Àbújá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pe ìpàdé tí yóò fẹnu kò lórí sílábọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn: ìjọ Áńgílíkà, àwọn ẹ̀sìn àti ìjọ yòókù, àwọn olùkọ́, àti ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣọ̀kan wọn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ààfin Akran tó jẹ́ ọba ìlú, àwọn ìjọ, lémọ́ọ̀mù àti àwọn tíṣà Àgbádárìgì kò kéré sí ẹni tó lè jókòó bẹ́ẹ̀; wọ́n ti ń jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọjà tipẹ́.

Ti ẹ̀sìn àbáláyé tún ṣòro ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìjọba Èkó ti fi ọlidé dá àwọn oníṣẹ̀ṣe lọ́lá láti 2023, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn kò tíì tẹ̀ lé e. Ní Ghana, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìwà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé Ghana ti di orílẹ̀-èdè abọ̀rìṣà. Àwọn pásítọ̀ kan á bínú, mo mọ̀. Ohun tó ń mú mi ronú ju ìyẹn lọ ni pé àwọn tó ni awo lè má fẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù koríko Zangbeto kì í ṣe ọ̀rọ̀ pátákó kíláàsì, àwọn àgbà Ẹ̀gùn ló sì ni ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí ẹ̀kọ́ yóò dé dúró. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn pàápàá: ìdí tí àwùjọ kan fi ń pa ohun kan mọ́, àti bóyá àṣírí lè dáàbò bo ìlú tàbí kó dáàbò bo ẹni tó ń ṣẹ̀ ẹ́.

Kò yẹ kí n tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí èrè rẹ̀. Àwọn tó ń polówó filọ́sọ́fì fún ọmọdé fẹ́ràn láti tọ́ka sí ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 48. Ó ní àwọn ọmọ náà túbọ̀ dára sí i nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé nígbà tí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe lọ́nà tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, wọn kò rí àǹfààní náà mọ́ nínú ìwé kíkà. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé filọ́sọ́fì yóò gbé máàkì ìṣirò ọmọ sókè. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni pé ó dára kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ alátakò dópin, kó tún un sọ débi tí alátakò náà yóò fi gbà pé ohun tí òun wí nìyẹn, kó tó dá a lóhùn. Iṣẹ́ tíṣà ẹ̀sìn ni. Olùkọ́ kò sì jìnnà: yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ń kọ́ni ní filọ́sọ́fì àti ẹ̀sìn, yunifásítì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà tẹ́lẹ̀, wà lójú ọ̀nà yẹn kan náà, ní Ìjànìkín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra iṣẹ́ tíṣà CRS lè ṣe ẹ̀kọ́ méjì láti ẹ̀ka filọ́sọ́fì kó tó jáde, kò ní gba kíkọ́ ilé tuntun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dúró ni máàkì. Olùkọ́ á béèrè, pẹ̀lú ẹ̀tọ́: báwo ni mo ṣe máa fún ọmọ ní máàkì lórí èrò tí èmi fúnra mi kò gbà? Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní London ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Láti 2016 ni ìdánwò GCSE ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn níbẹ̀ ti ní kí ọmọ kọ́ ẹ̀sìn méjì. Nínú ìdánwò àjọ AQA, ìbéèrè kan wà tó ń gba máàkì 12. Wọ́n á kọ gbólóhùn kan tó ń fa àríyànjiyàn, ọmọ á sì kọ ìdí tí ẹnì kan fi lè gbà á, ìdí tí ẹlòmíràn fi lè kọ̀ ọ́, ohun tí ẹ̀sìn wí lórí rẹ̀, àti ibi tí òun dúró sí. Ìdí ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ọmọ tó gbà àti ọmọ tó kọ̀ lè gba 12 méjèèjì. WAEC kò lè yí padà kíákíá, torí orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ni ín, NECO sì jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìdánwò BECE tí àwọn ọmọ JSS3 ń ṣe, àjọ ìdánwò ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kalẹ̀. Kò ní láti dúró de Àbújá kó tó fi irú ìbéèrè kan báyìí sínú CRS, kó fi ọ̀kan sínú IRS, kí gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ jiyàn lé lórí jẹ́ ọ̀kan náà nínú ìwé méjèèjì.